Ọ̀rọ̀ Tó Tòkun Bọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n wá gbé wálé ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. Ẹ wá béèrè Tòkunbọ̀ lọ́jà lónìí: fìríìjì ni wọn yóò nà sí yín, tàbí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tàbí bàtà tó ti sú òyìnbó kan. Ọjà náà kúkú tòkun bọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pe àlòkù bẹ́ẹ̀ mọ àwàdà ṣe, ó sì bo ọjà rẹ̀ láṣìírí.

Ní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba Tòkunbọ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀kadà. Ọ̀kadà jẹ́ ìlú ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Gabriel Igbinedion fi sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ lórúkọ, àwọn èèyàn sì gbé e fún alùpùpù. Ohun tó bá ti lè fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ni bàlúù fi jù ú lọ?

Òyìnbó náà ń fi ọ̀rọ̀ ṣe irú eré yìí. Ẹ gbọ́ bí àwọn awakọ̀ takisí máíkírà ṣe ń ké ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn: “Challenge! Challenge!” Ilé ìtàwé Challenge ti àwọn míṣọ́nnárì SIM ló fún àdúgbò tí wọ́n ń lọ yẹn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ẹ ó bá a lẹ́nu àwọn ará Róòmù àtijọ́: ẹ̀sùn èké ló jẹ́. Àwọn Faransé gbà á, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ẹ̀sùn lásán, èké ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí a bá sì fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ jáde wá gbèjà ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sùn di ìpè ìjà. Ìpè ìjà tún rọ̀, ó di iṣẹ́ tó ń dán agbára ẹni wò.

Àwa wá gbà á lọ́wọ́ wọn, a sọ ọ́ di wàhálà tí ojú ń ti ẹni láti dárúkọ. Ẹni tówó tán lọ́wọ́ rẹ̀ á ní òun ní “challenge díẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan, máíkírà tó ń gbé wa lọ sí Challenge kú sí Ring Road. Awakọ̀ ní challenge díẹ̀ ni. Ìyá kan lẹ́yìn dá a lóhùn pé ó ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò dáa kó tó gbowó wa. Ọkùnrin náà búra pé irọ́ ni, Tòkunbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì òun.