Ta Ló Ń Mójú Tó Ẹ̀rọ Inú Ilé Gogoro?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lífítì já ní ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Odan, Erékùṣù Èkó, ẹ̀mí dókítà ọ̀dọ́ kan sì bá a lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń pariwo pé lífítì náà kò dára. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ọ̀gá àjọ tó ń bójú tó dúkìá ìjọba lọ rọ́kún nílé, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé náà.

Orí iṣẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà já sí: iṣẹ́ ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní fasílítì mánéjà. Òun ló ń mójú tó jẹnẹrétọ̀, lífítì, pọ́ǹpù omi, ẹ̀rọ amúlétutù àti bọ́ọ̀dù iná. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ déédéé, kò sí ayálégbé tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ nínú ilé bíi Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tó ti ga ní àjà 26 láti ọdún 1965, pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó bá kọṣẹ́ lè lé gbogbo ọ́fíìsì òkè padà sílé.

Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni wọ́n tó ń ké sí mẹkáníìkì. Àwọn tó sàn díẹ̀ ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á ṣe sàvísì. Ìyẹn dára ju kí a káwọ́ gbera lọ, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ṣiṣẹ́ tó. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísù, wákàtí 250 ni wọ́n sábà máa ń fún un kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ilé tó ń tan tirẹ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́ á lò ó tán kí oṣù kan tó pé. Ilé tó wà lórí Band A, ìpele tí iná mànàmáná ti ń pẹ́ jù lójúmọ́, tí kò sì tan tirẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, á lò ó fún oṣù méjì. Míta wákàtí tó wà lára ẹ̀rọ ló yẹ kó dá ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíltà ẹ̀rọ amúlétutù ńlá: eruku ọyẹ́ á dí i kíákíá, àsìkò òjò á jẹ́ kó pẹ́. Géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ níwájú àti lẹ́yìn fíltà ló mọ ìgbà tó tó pààrọ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn ìtọ́jú ẹ̀rọ ṣẹlẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. C. H. Waddington àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣèwádìí lórí àwọn bàálù Liberator tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì. Bí bàálù bá ti fò fún wákàtí 50, wọ́n á tú u yẹ̀ wò. Èèyàn á rò pé ẹ̀yìn àyẹ̀wò ni àléébù á kéré jù. Òdìkejì ni wọ́n bá pàdé: kété tí bàálù bá kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni àléébù ń pọ̀, ó sì ń dínkù bí ó ṣe ń fò lọ. Títú ohun tí kò ṣe nǹkan kan wà lára ohun tó ń dá àléébù sílẹ̀. Ní 1978, ìwádìí Stanley Nowlan àti Howard Heap ní United Airlines fi hàn pé nínú ẹ̀yà bàálù tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbó bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Àwọn yòókù kò ní ọjọ́ orí kan tí a lè fi mọ ìgbà tí wọ́n máa bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń wo bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wo pọ́ǹpù tó ń fa omi lọ sí táǹkì òkè. Bíárìn inú rẹ̀ kì í sábà dédé kú. Bí ó ṣe ń gbọ̀n ló kọ́kọ́ ń yí padà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi kan ara rẹ̀ sì lè wọ̀n ọ́n. Tó bá yá, etí á gbọ́ ariwo, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á gbóná. Nígbà tó bá fi máa rú èéfín, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Fún mọ́tò kékeré, ìlànà ISO ka gbígbọ̀n tó bá kọjá mìlímítà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí ewu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọ 1.2, 1.3, 1.9, 2.6 sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní dúró de 4.5. Á ti ra bíárìn, á sì mú ọjọ́ Àìkú tí kò sẹ́ni níbi iṣẹ́. Lójú tèmi, ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó fi wọ̀n ọ́n lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ bíi KONE àti Otis ti ń so sẹ́ńsọ̀ mọ́ lífítì báyìí, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí lífítì tó dákú. Ohun rere ni. Àmọ́ ẹni tó rí àmì ewu gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pa lífítì, kó lẹ ìwé mọ́ ọn, kó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò títí wọ́n á fi tún un ṣe, láì kọ́kọ́ lọ bẹ onílé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, lẹ́tà lásán ló lè kọ, lẹ́tà náà á sì sùn sórí tábìlì ẹni tó ń ná owó. Kí ayálégbé tó san owó ìtọ́jú ilé ti ọdún tó ń bọ̀, ó yẹ kó ní kí wọ́n gbé ìwé lífítì wá kí òun rí i: ọjọ́ wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kí ni wọ́n bá níbẹ̀, ta ló fọwọ́ sí i, ta ló sì láṣẹ láti pa á.