Orúkọ Írẹ́lándì fún Ajá Tuntun: Etí Ni Kó O Fi Yàn Án

Ajá tuntun délé, orúkọ Írẹ́lándì ló sì wù ẹ́? Kọ́kọ́ pè é sókè ná. Wo Niamh: "mh" ibẹ̀ ń dún bíi "v", "Níìv" ni wọ́n ń pè é. (Ẹnu wa á sọ ọ́ di "Níìfù", kò burú.) Ajá ò mọ sípẹ́lì, ìró ló ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní mú Nóra: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ "No!" tá a fi ń dá ajá lẹ́kun. O ń pè é wá jẹun, òun rò pé o ń bá òun wí! Rua ló dáa jù lójú tèmi, ó kúrú, "pupa" ló sì túmọ̀ sí. Bran náà ńkọ́? Ajá ọdẹ Fionn mac Cumhaill nínú ìtàn àtijọ́ wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹyẹ ìwò ni ìtumọ̀ rẹ̀.