Pangandaran: Àjèjì lè gbé etíkun, kò lè ni ilẹ̀ rẹ̀

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dáwó lé ilẹ̀ ní Pangandaran, agbègbè etí òkun àwọn ẹ̀yà Sunda, ní gúúsù erékùṣù Java lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà.

Ibẹ̀ dùn ún wò. Ilẹ̀ tóóró kan ló pín etíkun sí méjì: èèyàn á wo yíyọ oòrùn lápá kan, á sì wo wíwọ̀ rẹ̀ lápá kejì. Iṣẹ́ ẹja pípa àti àlejò gbígbà ló gbòde.

Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1960 kò gba àjèjì láyè láti ni ilẹ̀ pátápátá. Àwọn kan máa ń fi orúkọ ọmọ onílẹ̀ rà á lábẹ́lẹ̀. Òfin ní irú káràkátà bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìjọba ni yóò gba ilẹ̀, ẹni tó sanwó kò sì ní í rí kọ́bọ̀ gbà padà. Ohun tó tọ́ sí àjèjì tó ní ìwé ìgbélùú ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀. Ìlànà ọdún 2021 fi í sí ọdún 30. Wọ́n lè fi 20 kún un, kí wọ́n sì tún un ṣe fún 30 mìíràn.

Òkun náà kò ṣeé fojú di. Lọ́jọ́ 17, oṣù keje, ọdún 2006, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura títí omi fi ya wọ̀lú. Ẹ̀mí tó lé ní 600 ló bá a lọ ní etíkun gúúsù Java.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi gíga tí wọ́n ń sá sí, kó yẹ ìwé ilẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba, kó tó béèrè iye owó.