Ìwòsàn Ọmọ Kù Sọ́wọ́ Àdúgbò
Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2007, sọ ìlòkulò ọmọdé di ọ̀ràn, Mirabel Centre tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ọdún 2013 sì ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ láìgba owó, ṣùgbọ́n ọmọ Festac tàbí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí yóò padà sáàárín aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè má jẹ́ kí egbò ọkàn rẹ̀ jinná. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílé, olùkọ́ àti ìjọ wà: kí wọ́n gba ọmọ gbọ́, kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ kiri, kí wọ́n má sì fi ẹ̀bẹ̀ àgbà bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀, nítorí ìkà gbáà nìyẹn. Ẹni tó bá fura pé wọ́n ń lo ọmọ kan nílòkulò, kí ó tètè fi tó DSVA létí, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀.