LỌ́FÍŃDÀ TÍ OÒRÙN TI PA
Ọ̀rọ̀ fún àwọn jámáà àti àwọn oníṣòwò

Ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ń bẹ nínú rẹ̀, ìlera ń bẹ nínú rẹ̀, òdodo sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ní ọjọ́ Jímọ̀, kí àgbàlagbà wẹ̀, kí ó fi pákò fọ ẹnu, kí ó sì fi òórùn dídùn para bí ó bá ní in. Nítorí náà, ìbáà ṣe ní Ìsánlú-Ìsin, ìbáà ṣe ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, ibi tí Mùsùlùmí bá ti ń kí ìrun Jímọ̀, ọjà lọ́fíńdà kò lè ṣàì yá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà, oníṣòwò a kó igo jáde, a tò wọ́n sórí tábìlì nínú oòrùn, kí wọ́n lè máa dán, kí oníbàárà lè rí wọn láti òkèèrè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a kó wọn padà sínú ṣọ́ọ̀bù alápáànù tí ooru ọ̀sán kò tíì jáde kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ọjà náà yóò fi tán. Ẹni tí ó ra igo àkọ́kọ́ ra ojúlówó. Ẹni tí ó ra igo ìkẹyìn ra omi aláwọ̀. Iye kan náà sì ni àwọn méjèèjì san.

OHUN MẸ́TA TÍ Ń PA Á

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Lọ́fíńdà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo; àpòpọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ òórùn ni, oòrùn a sì máa tú àpòpọ̀ náà ká. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ta epo mọ̀ pé bí epo pupa bá pẹ́ nínú igo funfun lójú oòrùn, pípọ́n rẹ̀ a máa ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti lọ́fíńdà, àfi pé òórùn ni ó ń ṣí ní tirẹ̀.

Èkejì ni ooru. Àwọn onímọ̀ a máa fi ojú bù ú pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ti Sẹ́ńtígíréètì lé sí i, ìbàjẹ́ a máa yára tó ìlọ́po méjì. Ẹ wá ro ṣọ́ọ̀bù alápáànù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí ènìyàn gan-an kò lè jókòó sínú rẹ̀. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni a ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ní Nàìjíríà, nínú ooru náà gan-an. Èyí tí kò bá tà nígbà náà ni ó dúró de Iléyá ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́. Igo tí ó kù ìdajì, afẹ́fẹ́ ni ó kún ìdajì kejì, òun ni ó sì ń ba èyí tí ó kù jẹ́. Òórùn ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Afẹ́fẹ́ a tilẹ̀ máa sọ èròjà inú wọn di ohun tí ń mú kí ara yún ẹlòmíràn. Òórùn igi olóòórùn àti ti mísíkì a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ONÍSÍPÍRÍTÌ ÀTI OLÓRÒÓRÓ

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Èyí tí a fi sípírítì pò ni à ń fín sí aṣọ. Bí ìdérí rẹ̀ kò bá le, sípírítì náà a fò lọ. Èyí tí ó jẹ́ òróró ni à ń fi para díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí ọtí nínú rẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú èyí ni Bint el Sudan, èyíinì ni ọmọbìnrin Sudan. Eric Burgess, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ W. J. Bush ti Lọ́ńdọ̀nù, ni ó pilẹ̀ rẹ̀ ní Khartoum ní nǹkan bí ọdún 1920. Àwọn oníṣòwò gbé igo kékeré rẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá, títí ó fi di ohun tí a mọ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé olóròóró kì í bàjẹ́. Bí a bá fi òróró ẹ̀pà lú u kí ó lè pọ̀, òróró ẹ̀pà náà ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, yóò sì ba ìyókù jẹ́.

Báwo ni yóò ti pẹ́ tó? Bí a bá tọ́jú onísípírítì dáadáa, ó lè lo ọdún 3 sí 5. Lára páálí ẹlòmíràn, ẹ ó rí àwòrán agolo ìpara tí ìdérí rẹ̀ ṣí, pẹ̀lú 12M, 24M tàbí 36M: iye oṣù tí a lè lò ó lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i ni. Lábẹ́ òfin àwọn ará Yúróòpù, ọjà tí ó bá lè lò ju oṣù 30 lọ, kò di dandan kí a kọ ọjọ́ ìbàjẹ́ sí i lára. Àìrí ọjọ́ lára rẹ̀ kò wí pé kì í bàjẹ́. Kí ẹ sì máa wo nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò, páálí òfìfo ni kí ẹ tò sórí àtẹ. Kí igo gan-an wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá ní yàrá alámọ̀ nílé, ibẹ̀ ni kí ẹ kó ọjà pamọ́ sí, nítorí ó tutù ju abẹ́ páànù lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra ọjà sí ara páálí, kí èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde. Ẹ má ṣe tò ó ti kẹrosíìnì, káńfọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ.

Bí ẹ bá ń bu olóròóró tà, igo gíláàsì kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bù ú kún dé ọrùn. Ẹ má ṣe da àjẹkù àtijọ́ lé tuntun. Èyí tí ó ti bàjẹ́ yóò ran èyí tí ó dára.

Ẹ̀yin jámáà, ẹ má ṣe fi lọ́fíńdà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí nínú balùwẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àlùwàlá tán, ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó fi kan ẹnu igo.

Kí ẹ tó rà, ẹ kán díẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń ta imú bí ọtí kíkan, tàbí tí ó ń rùn bí òróró àtijọ́, ó ti kú. Bí èyí tí ó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ bá di rúdurùdu, ẹ fura sí i. Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé òmíràn wà tí ń dúdú sí i láìbàjẹ́.

ÒTÍTỌ́ LÓRÍ ÀTẸ

Kí wá ni oníṣòwò yóò ṣe sí èyí tí ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọkùnrin kan lọ́jà rí, ó sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Òjíṣẹ́ béèrè pé kí ló dé tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì wí pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Òjò kò jẹ̀bi, ọkùnrin náà kò sì jẹ̀bi òjò. Ìfipamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oòrùn àti lọ́fíńdà.

Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù fún ẹlòmíràn. Nínú súrà kan náà ni a ti sọ fún wa pé mísíkì ni èdìdì ohun mímu àwọn ẹni rere ní ọ̀run. Oníṣòwò lọ́fíńdà ní láti ka ìbẹ̀rẹ̀ súrà náà kí inú rẹ̀ tó dùn sí ti mísíkì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti lọ́fíńdà kì í tilẹ̀ ju Jímọ̀ kan lọ, nítorí imú oníbàárà kò gba ẹ̀bẹ̀. Èyí tí ó bá ti kú, ẹ dà á nù. Èyí tí ó ti ń rẹ̀ díẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà, kí ẹ sì dín owó rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ọjà wa, kí ó sì jẹ́ kí òórùn rere máa ṣáájú wa wọ mọ́sálásí. Àmín.