Ṣé O Mọ̀? Àsopọ̀ Ni Aṣọ Òfì Ìlọrin

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ òfì tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin kì í kúrò lórí òfì ní odidi? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Télọ̀ ló ń rán an pọ̀ di ìró àti agbádá. Nítorí náà, kí a ṣa àjákù aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kí a rán an pọ̀ di aṣọ ìbora, kí a fi ṣe sàráà fún aláìní, kì í ṣe àṣà àjèjì rárá.

Àwọn kan á ní àjákù kò yẹ fún sàráà. Lóòótọ́, ohun tó dára ló yẹ ká fi tọrẹ, ṣùgbọ́n bí a ṣe rán aṣọ ló ń fún un níyì: ní Sudan lábẹ́ ìjọba àwọn ọmọlẹ́yìn Mahdi, aṣáájú ẹ̀sìn Ìsìláàmù kan, 1885 sí 1898, ẹ̀wù tí wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ni àwọn ọmọ ogun fi ń yangàn. Ẹni tó bá sì ní ooru Ìlọrin kò gba ìbora, kó rántí òru ọyẹ́, pàápàá fún arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fọ gbogbo àjákù náà kí a tó rán an, nítorí èyí tó bá súnkì lẹ́yìn rírán yóò fa ìyókù pọ̀.