Basil D'Oliveira àti Eré Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé eré kíríkẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ púpọ̀ nínú wa. Èmi pàápàá, kí n tó mọ ìtàn ọkùnrin yìí, n kò kà á sí eré gidi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a fi igi pẹlẹbẹ gbá a. Iye ìgbà tí ẹni tí ó gbá a bá sáré dé òdì kejì kí wọ́n tó dá bọ́ọ̀lù padà ni máàkì rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yí kọjá ààlà pápá, 4 ni. Bí kò bá kan ilẹ̀ rárá kí ó tó kọjá, 6 ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá hán an kí ó tó balẹ̀, eré onítọ̀hún parí.

Cape Town ni a bí Basil D'Oliveira sí ní 1931. Àwọ̀ rẹ̀ kò funfun tó lójú ìjọba ibẹ̀, nítorí náà kò lè ṣeré fún Gúúsù Áfíríkà láéláé, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n tó. Ilẹ̀ olókùúta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di balógun ẹgbẹ́ àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, wọ́n sì lọ ṣeré ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1958, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà pin sí. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí John Arlott, òyìnbó kan tí ó máa ń ròyìn eré náà lórí rédíò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arlott bá a wá ẹgbẹ́ ní Middleton, ó sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1960, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 28. Ó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kí wọn má baà sọ pé ó ti dàgbà jù. N kò dá a lẹ́bi. Ìjọba ni ó jí àwọn ọdún náà gbé.

Ní 1966, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn án sínú ẹgbẹ́ tiwọn. Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹgbẹ́ náà ní láti lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní ìparí 1968. Wọ́n fi iṣẹ́ olówó ńlá lọ̀ ọ́ kí ó lè kéde pé òun kò bá wọn lọ, kò gbà. Ní oṣù kẹjọ, ní pápá Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba máàkì 158 lọ́wọ́ àwọn ará Ọsirélíà. (Nígbà tí ó wà ní 31, bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì jábọ́. Orí ẹni a máa báni ṣiṣẹ́!)

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò lọ, kò sí tirẹ̀. Ariwo ta. Àwọn kan kọ̀wé fi ẹgbẹ́ MCC, tí ó ṣètò ìrìn-àjò náà, sílẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, Tom Cartwright, tí ara ń dùn, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi D'Oliveira rọ́pò rẹ̀. Vorster, olórí ìjọba Gúúsù Áfíríkà, fárígá: ó ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀tá ìjọba òun nìyẹn, òun kò sì ní gbà wọ́n wọlé. MCC fagi lé ìrìn-àjò náà.

Àwọn kan ń sọ pé kí a má mú òṣèlú wọ eré. Ta ni ó kọ́kọ́ mú un wọ̀ ọ́? Láti 1970 títí di 1991 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè mọ́ Gúúsù Áfíríkà.

Ìgbà 44 ni D'Oliveira ṣeré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje ńlá, ó sì gba máàkì 2,484. Ó kú ní 2011. Kí ó tó kú, ó rí i pé láti 2004, ife tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gúúsù Áfíríkà ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.